Kí Ọmọ Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Tó Gba Fíríídọ̀mù

Ẹni tó bá ń rìn yíká àwọn ọgbà mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn àti ní Òǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún kò ní í pẹ́ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíríídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ kan: wọ́n á ti ta àtíbàbà, ìrẹsì á ti jinná, àwọn òbí ọmọ á ti dá aṣọ, ọ̀gá á gbé ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, àwọn àgbà iṣẹ́ á sì rọ̀jò àdúrà lé e lórí pé irin kò ní í ṣe é ní jàǹbá, pé mọ́tò kò ní í yẹ̀ lórí jáàkì lù ú, pé Ògún Lákáayé kò ní í fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára, ó sì tọ́ sí ọmọ tó fi ọdún gbọọrọ sìn, tó gbá ilẹ̀, tó ra oúnjẹ fún ọ̀gá, tó fi dísù fọ irin títí èékánná rẹ̀ fi dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n láàárín àdúrà àti ijó yẹn, ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi í, tí ìwé tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò sì dáhùn: ǹjẹ́ ó ti tú ẹ́ńjìnì kan palẹ̀ rí, títí tó fi ku búlọ́ọ̀kù nìkan lórí tábìlì, kó wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tún un tò padà fúnra rẹ̀?

Èrò tèmi, tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì àti gbogbo ẹni tó ní mọ́tò, ni pé kí fíríídọ̀mù má ṣe tọ́ sí ọmọ iṣẹ́ kankan mọ́ àfi bí ó bá ti tún ẹ́ńjìnì kan àti gíábọ́ọ̀sì mánúà kan tò láti ìpìlẹ̀, kí ó jẹ́ ti mọ́tò àtijọ́, kí ó sì tò ó dé ibi tí yóò ti lè sá eré gidi, tí kì í ṣe pé kó ṣáà ti gbéra kúrò lọ́gbà.

Mọ́tò tí mo ní lọ́kàn kò jìnnà sí wa. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé gbé Peugeot 504 jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ìjọba wa dá sílẹ̀ ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, nínú oṣù kan náà tí àwọn Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá tiwọn l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n máa dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, mọ́tò yìí ti di ọkọ̀ ìjọba àti ọkọ̀ èrò: òun ni ọ̀gá òṣìṣẹ́ ń gùn lọ sí ọ́fíìsì, òun náà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ni àwọn awakọ̀ fi ń na Èkó lójoojúmọ́ pẹ̀lú èrò méje nínú rẹ̀ àti ẹrù gègèrè lórí. Owó kòkó ló ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́wọ́ aládàáni ní agbègbè wa. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn lónìí wà lẹ́yìn ilé, ewéko ti gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, àwọn ọmọ onílé sì ń wá ẹni tó máa bá wọn tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìran mọ́tò yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Nínú ìdíje Safari ti ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1953, tí ó ń la ẹrẹ̀ àti eruku kọjá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, ti gba ipò kìíní ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. 504 fúnra rẹ̀ gbà á ní 1975 lọ́wọ́ Ove Andersson, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ Faransé, fi 504 onílẹ̀kùn méjì, oní-sílíńdà mẹ́fà, gbà á, ó sì tún fi irú rẹ̀ gba ti Côte d'Ivoire nínú ọdún kan náà. N kò sọ pé ọkọ̀ tí Andersson wà ni ọkọ̀ tó ń na Àkúrẹ́ sí Èkó. Ọwọ́ àwọn tó mọṣẹ́ dunjú ti kan ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìran kan náà ni wọ́n, àti pé ohun tó sọ ọ̀kan di akọni tí èkejì fi ń ru ẹ̀wà wà lára ọwọ́ tó tò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára irin.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ́ńjìnì náà wò. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, gbogbo rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Irin dúdú ni búlọ́ọ̀kù, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù. Wọn kò gbẹ́ ihò písítìnì mọ́ ara búlọ́ọ̀kù. Sílíìfù mẹ́rin ni wọ́n tì bọ̀ ọ́, omi rádíétọ̀ sì ń ṣàn yí sílíìfù wọ̀nyí ká lóde, tó fi jẹ́ pé òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nísàlẹ̀ wọn nìkan ló pààlà láàárín omi àti ọ́ìlì. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì òde òní ti ń ba ẹ́ńjìnì ẹlẹ́ńjìnì jẹ́ láìmọ̀. Ọ̀gá àgbà kan wà ní Òǹdó tí mo máa ń yà sí ọgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tọ́ọ̀pù 504 kan, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ki sípánà bọ pọ́lì iwájú láti fi yí kíráńkì, kí písítìnì lè gòkè kó rí ojú rẹ̀. Bàbá náà ké mọ́ ọn láti abẹ́ igi máńgòrò tó jókòó sí:

“Má yí i! Ta ló ní kóo yí i? O ti fi nǹkan di sílíìfù mọ́lẹ̀ ni?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo fẹ́ wo ríngì ni, sà.”

“Bóo bá yí i báyìí, písítìnì á fa sílíìfù gòkè. Bó bá ti gòkè bí irun orí báyìí, òrùka ìsàlẹ̀ ti já nìyẹn. Lọ́la, oníbàárà á máa bu omi sí rádíétọ̀, omi á máa bọ́ sínú ọ́ìlì, wọ́n á ní Bàbá ò mọṣẹ́.”

Ló bá dìde, ó ṣa páìpù kúkúrú díẹ̀ àti wáṣà gbàǹgbà, ó fi bóòtì tọ́ọ̀pù di sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ ní méjì-méjì, ó sì jókòó padà. Ìgbà tí ọmọ náà wá yí kíráńkì, sílíìfù kankan kò mira.

Iṣẹ́ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí sílíìfù tuntun bá wọlé, ó gbọ́dọ̀ yọ orí díẹ̀ sókè ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kí tọ́ọ̀pù lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí gásíkẹ́ẹ̀tì sì lè fún. Díẹ̀ tí mò ń wí yìí, ojú lásán kò lè rí i: irin gígùn tó tẹ́jú ni a ó fi lélẹ̀ lórí rẹ̀, a ó sì máa ti abẹ fílà géèjì bọ abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó tín jù lọ kọ́kọ́, títí ọ̀kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí sílíìfù kan bá ga ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, a ó yọ ọ́, a ó pààrọ̀ òrùka ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí èyí tó tín díẹ̀, a ó sì tún wọ̀n ọ́n. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá ti ṣe èyí rí yóò gbà pé gbogbo tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jó lójoojúmọ́ jẹ́ ẹ̀bi àwọn tó ń ta ayédèrú. Òótọ́ ni pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ojúlówó tí a fi sórí sílíìfù tó ṣe gbágungbàgun yóò jó náà ni. Ọjà ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú: ẹ́ńjìnì 1.8 àti 2.0 jọ ara wọn lójú, ìrìn písítìnì sì jẹ́ mìlímítà 81 nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìbú sílíìfù ti àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 84, ti èkejì jẹ́ 88. Ẹni tí kò bá wọn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọkọ̀ lọ sí ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó yóò san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀méjì.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni eré sísá wá jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé ihò inú títì wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sáré. Ìdáhùn mi ni pé eré ló ń tú àṣírí ìfojúbù. Bí ẹ́ńjìnì yìí bá ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, písítìnì kọ̀ọ̀kan ń lọ sókè, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀, ní ìgbà 83 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, nígbà kọ̀ọ̀kan ó sì gbọ́dọ̀ dúró pátápátá lókè kó tó padà. Bí kọ́ńróòdù kan, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, bá wúwo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹni tó ń rọra wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè má mọ̀ láéláé. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gun òkè yóò gbọ́ ọ ní ọwọ́ àti ní ìdí, bíárìn yóò sì gbọ́ ọ kí òun tó gbọ́ ọ. Nítorí náà ni àwọn tó ń to ẹ́ńjìnì fún ìdíje ṣe máa ń gbé gbogbo písítìnì àti kọ́ńróòdù lé òṣùwọ̀n, tí wọ́n ó máa rọra yọ díẹ̀díẹ̀ lára èyí tó wúwo títí gbogbo wọn yóò fi bá ara wọn dọ́gba. Àwa ará ilẹ̀ kòkó kò yẹ kó ṣòro fún láti lóye èyí. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba kì í wo ẹ̀yìn àpò kó ní gíréèdì kìíní ni. Á bu èso láti inú rẹ̀, á fi ọ̀bẹ là wọ́n, á ka èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò jẹ, lẹ́yìn náà ni òǹtẹ̀ tó lè bà á. Àgbẹ̀ tó bá kòkó rẹ̀ dúró de ọ̀bẹ yìí láti ìgbà ọmọdé, kí ló dé tó fi ń gbé mọ́tò rẹ̀ fún ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n kankan nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀?

Gíábọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ tilẹ̀ ń sá fún un. Ti 504 tí mò ń wí yìí ní gíà mẹ́rin síwájú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ní sínkírò; nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ sitiárìn ni ọ̀pá gíà wà. Iṣẹ́ sínkírò ni láti fi ara ha gíà tí a fẹ́ wọ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi máa yí ní ìwọ̀n kan náà, kí eyín tó pàdé eyín. Ìgbà tí òun bá jẹ ni mọ́tò ń ké nígbà tí a bá fẹ́ padà sí gíà kejì lórí òkè. (Ọ̀pọ̀ bọ̀lẹ̀kájà ayé àtijọ́ kò ní sínkírò, àwọn awakọ̀ wọn ń tẹ kíláàṣì lẹ́ẹ̀méjì, wọ́n á fi etí mọ ìgbà tó tọ́, tí èrò inú ọkọ̀ yóò máa hó yèè bí ó bá wọlé láìké. Ẹni tó bá lè wa irú rẹ̀ láti Òǹdó dé Òrè kò nílò ìwé-ẹ̀rí ẹnikẹ́ni.)

Láti sọ gíábọ́ọ̀sì yìí kalẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú páìpù gbọọrọ tí ṣáfúti ń yí nínú rẹ̀, tó so ó mọ́ àásìlì ẹ̀yìn. Nígbà tí ilé rẹ̀ bá wá là sí méjì, ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú yóò fa ọ̀pá tó ń yan gíà yọ, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan àti sípíríǹgì rẹ̀ yóò sì fò jáde bọ́ sínú iyanrìn, gbogbo ọgbà yóò sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò ti fi àkísà bo ojú ihò náà kó tó fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko: kò sí ibi tí òwe yìí ti bá a mu tó inú gíábọ́ọ̀sì, nítorí pé kò sí bíárìn tí a fi òòlù lù wọlé níbẹ̀ tí kò ní í padà wá fi ariwo sọ ẹni tó lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní í dùn mọ́. Wọn yóò ní tòkunbọ̀ wà, pé kí ni a ń yọ ara wa lẹ́nu sí, bí ẹ́ńjìnì bá ti nọ́ọ̀kì kí a ra òmíràn ká gbé e wọlé kí oníbàárà máa lọ. Fún ọdún púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti tú owó náírà sílẹ̀ sọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó tí a fi ń ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ kan ti fò kọjá agbára tíṣà àti àgbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú mọ bí ẹni tó lò ó lókè òkun ṣe lò ó. Àwọn kan yóò ní ayé mánúà ti kọjá, pé ọ́tò ni ọmọ aráyé ń wà, pé kọ̀ǹpútà ni a fi ń mọ àìsàn mọ́tò báyìí. Kọ̀ǹpútà yóò sọ fún wa pé sílíńdà kẹta kò jó iná dáadáa. Bóyá ríngì ló jẹ, bóyá fáàfù ló sun, bóyá omi ló ń wọ ibẹ̀, ọwọ́ ni yóò tú u wò. Písítìnì, kíráńkì, bíárìn àti ọ́ìlì kò tíì kúrò nínú mọ́tò tuntun, bí wọ́n tilẹ̀ fi ike bò wọ́n. Ọmọ tó ti rí wọn ní ìhòòhò nínú 504 yóò mọ̀ wọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti fi wọ́n pamọ́ sí.

Ẹjọ́ ti àwa tó ni mọ́tò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì rò pé tiwa ló pọ̀ jù. Àwa la ń dúró lé mẹkáníìkì lórí láti àárọ̀ pé mọ́tò gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Àwa la ń san owó fún ìgbéra, tí a kì í san owó fún ìwọ̀n. Bí ọ̀gá kan bá ní òun yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn tí yóò rọ ọ́ìlì tó ki bí ọbẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀ títí a ó fi dé ilé ni à ń gbé iṣẹ́ fún. Bí ìyà wá jẹ wá ní Ọ̀wẹ̀nà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òǹdó, lóru, a ó ní ayé ti bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀, a kò ṣaláìní àwọn tó mọ ìwọ̀n. Láti ọdún 1981 ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ náà lè fi kálámù ṣírò agbára tó wà lórí bóòtì kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì di bóòtì tọ́ọ̀pù kankan rí. Ní ọgbà mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ ti di ẹgbẹ̀rún bóòtì, kò sì sí ẹni tó fi sípánà tó ń ka ìwọ̀n lé e lọ́wọ́ rí. Ó ń dì í títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó pè é ní dídì. Àwọn méjèèjì ń gbé ní ìlú kan náà, wọn kò sì mọ orúkọ ara wọn. Ní Òǹdó, níbi tí ọdún Ògún ti jẹ́ ọdún ìlú, tí awakọ̀ ń so màrìwò mọ́ iwájú mọ́tò, irin ni a fi ń búra, nítorí pé irin kì í gba irọ́. Inú mi ìbá dùn bí àwọn tó ń búra pẹ̀lú rẹ̀ bá lè máa wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, ní ẹ̀ka Àkúrẹ́ àti ní ẹ̀ka Òǹdó, ra 504 mánúà kan kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ilé kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó dé bá wọn. Kí wọ́n dá owó ra máíkírómítà kan, fílà géèjì tó péye, òṣùwọ̀n kékeré àti sípánà tó ń ka ìwọ̀n, kí wọ́n sì fi wọ́n sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í yá wọn lọ ilé. Kí yunifásítì yá wọn olùkọ́ kan lóṣooṣù, kí òun náà mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá fi ọwọ́ kan irin. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn tú ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì náà palẹ̀, kí wọ́n tún un tò. Kí àgbà kan wà á láti Àkúrẹ́ gba Ọ̀wẹ̀nà dé Òǹdó, kó tún gbé e lọ sí Ìdànrè. Bí ó bá dé, kó tutù láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, kí wọ́n tún bóòtì tọ́ọ̀pù dì, kí àwọn ọmọ tó tẹ̀lé wọn tún tú u. Mọ́tò kan lè kọ́ ogún ìran ọmọ iṣẹ́.

Gbogbo ìwọ̀n tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá rí, gíga sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwúwo písítìnì, àyè tó wà nínú bíárìn, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé-ẹ̀rí fíríídọ̀mù tí yóò gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí oníbàárà tó bá gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ní kó yí i padà kí òun rí ẹ̀yìn rẹ̀.